Òdo Pupa Nínú Ìwé Orúkọ

Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà pẹ́, kò lè rí ìwé orúkọ kí ọwọ́ rẹ̀ má yún un láti sàmì sí i. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe nìyẹn, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkòkómáíkò, títí ìjọba fi ní kí n lọ sinmi. Láràárọ̀, kí n tó kọ ohunkóhun sójú pátákó, màá ṣí rẹ́jísítà, màá máa pe orúkọ. Ọmọ tó bá dáhùn, màá fi bírò búlúù fa ilà kékeré fún un. Èyí tí kò bá dáhùn, màá fi bírò pupa kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀. Òdo yẹn túmọ̀ sí pé kò wá. A kì í pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ́jísítà o. Bí tíṣà bá ṣèèṣì, ńṣe ló máa fa ilà lé àṣìṣe náà lórí, á sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun ló ṣì í.

Òdo tèmi tiẹ̀ ní àbùkù. Kì í pàdé dáadáa lókè, ó máa ń ní ìrù kékeré kan tó yọ síta. Ọ̀gá wa obìnrin máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bí wọ́n bá jí rẹ́jísítà mi gbé dé Ṣókótó, àwọn á dá a mọ̀ níbẹ̀.

Òdo yẹn náà ló mú èmi àti obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ ara wa. Ará Ìgbò ni. Nígbà náà, òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ilé tí mò ń gbé, yàrá wọn kọjú sí tèmi. Ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní Ọjà Àlàbá, àkọ́bí wọn obìnrin sì wà ní kíláàsì mi. Nígbà tí a parí táàmù kan, ìyá ọmọ já wọ kíláàsì, ó na káàdì èsì ọmọ náà sí mi. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pa ilé-ìwé jẹ lọ́jọ́ kan.

"Auntie, ọmọ mi wá," ó ní. Yorùbá rẹ̀ ṣì ń mẹ́hẹ nígbà yẹn. "Òjò rọ̀ that day. Èmi gan-an ni mo pọ̀n ọ́n kọjá omi. She come. Ó wá."

Inú bí mi. Ta ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi? Àmọ́ mo ṣí rẹ́jísítà, mo sì rántí ọjọ́ náà. Òrùlé wa ń jò, a pín àwọn ọmọ káàkiri, tirẹ̀ sì jókòó sí kíláàsì tíṣà mìíràn nígbà tí mò ń pe orúkọ. Mo fa ilà lé òdo náà lójú rẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé èèyàn ò wá, kò wá náà nìyẹn, ẹni tó máa kà á lọ́la ò ní mọ̀ pé inú òjò ló gbà wá.

Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ọwọ́ mi kọjá, kò sì sí káàdì èsì kan tí kò tọ́jú sínú àpótí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó di pé òun ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń bá a wo àwọn ọmọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi ṣánlẹ̀ ní balùwẹ̀, òun ló fọ́ ilẹ̀kùn, òun ló wé ìró mọ́ mi lára tó gbé mi lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn ìyẹn la pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, tèmi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi. Mummy ló ń pè mí. Yorùbá rẹ̀ ti wá já gaara débi pé ó ń pa òwe fún mi, tó sì ń ṣì í pa. Kò sí ohun tí a kì í sọ fún ara wa, àfi ẹni tí a ń dìbò fún. Ìyẹn la ò bi ara wa rí.

Ìfẹ̀yìntì ò bá mi lára mu. Nígbà tí wọ́n wá dìbò ààrẹ, mo rí iṣẹ́ ṣe. Tí wọ́n bá ti ka ìbò tán ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń lẹ ìwé èsì mọ́ ògiri kí ará àdúgbò lè kà á. Mo mú ìwé kan, mò ń ti ibùdó dé ibùdó, láti Òkòkómáíkò títí dé Ìbà, mo tiẹ̀ wọkọ̀ dé Ìjanikin. Orí rédíò ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ń sọ níbẹ̀ pé Àríwá dìbò báyìí, Ìlà-Oòrùn dìbò báyìí, àwa ti Ìwọ̀-Oòrùn dìbò báyìí, bí ẹni pé ìka kan ṣoṣo ni gbogbo agbègbè fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí n wo ti Ọ̀jọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, náà. Mo ya máàpù sórí páálí ńlá, mo fi kíréyọ́nù kùn ún, ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Àwọn òpópónà tó sún mọ́ Ọjà Àlàbá gba àwọ̀ ọsàn. Àdúgbò àwọn onílẹ̀ àti àwọn tó ti Ọ̀yọ́ àti Ògùn wá gba búlúù. Ìbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí rí kámikàmì. Àwọn Ẹ̀gùn sì yà sí méjì, wọ́n ba máàpù mi jẹ́. Inú mi dùn sí i, kí n má purọ́. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ bí fọ́tò ìgbéyàwó.

Ọ̀rẹ́ mi wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mummy, èmi ńkọ́? Àwọ̀ wo ni mo jẹ́?"

"Ìwọ ni ọsàn tó bọ́ sínú aró," mo fi ṣàwàdà.

Ó tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó wo òpópónà wa lórí páálí náà pẹ́. Ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí." Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ìròyìn máàpù náà ràn. Nígbà tí ìdìbò gómìnà ku ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin kan tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù wa wá sílé mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Ojú ti ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí pé ibùdó tiwa ò dìbò fún wọn nígbà ìdìbò ààrẹ. Ó fi ìka tọ òpópónà wa lórí máàpù, ó mi orí, ó wá yọ àdàkọ ìwé orúkọ olùdìbò ibùdó wa, tòun ti fọ́tò wọn, nínú báàgì.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo èèyàn níbí. Ẹ kàn bá wa ya tiwa kúrò lára tiwọn, ká lè mọ ẹni tí a máa lọ bẹ̀ nílé-nílé."

Mo ní, "Báwo ni mo ṣe máa mọ inú wọn?"

"Inú bí ti báwo, Tíṣà? Ṣebí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo orúkọ, ẹ ti mọ ilé."

Òwe náà dùn létí mi. Ọmọ tí mo kọ́ ló ń pa á fún mi. Ǹjẹ́ mo gbà pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ bẹ̀? Mo ti bi ara mi títí. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, ìyẹn ni òótọ́ tí mo lè sọ. Ohun tó wù mí jù ni ìwé orúkọ yẹn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé ìwé orúkọ síwájú mi.

Mo mú bírò méjì. Ilà búlúù fún tiwa, òdo pupa fún tiwọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọkùnrin Ẹ̀gùn kan wà níbẹ̀, mo fún un ní ilà. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan wà tó fẹ́ ará Ìgbò, orúkọ ọkọ ló ń jẹ́, mo fún un ní òdo. Ẹnì kan ní orúkọ òyìnbó méjì, mo ro tirẹ̀ pẹ́ kí n tó rántí pé Yorùbá ló fi ń kí mi. Ni mo bá dé orí orúkọ ọ̀rẹ́ mi. Fọ́tò rẹ̀ ń wò mí. Mo gbé bírò sókè, mo gbọ́ ọ lódìkejì tó ń gún ata. Ṣebí mo lè kọjá síta, kí n bi í? Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni. Mo sọ fún ara mi pé orúkọ ni wọ́n ní kí n wò. Mo kọ òdo náà, ìrù rẹ̀ sì yọ síta bó ṣe máa ń yọ.

A ti jọ ṣàdéhùn láti jọ lọ dìbò. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ náà, orí ń fọ́ mi, mo ní kó máa lọ ṣáájú. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa, níbi tí ibùdó ìdìbò wà, àwọn géńdé kan ti dí ọ̀nà. Mi ò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ìwé tí mo sàmì sí ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá dé, wọ́n á bi í lórúkọ, wọ́n á wo ìwé. Àwọn kan ń wọlé. Àwọn kan ń padà sílé.

Ọ̀rẹ́ mi wà níwájú wọn, káàdì ìdìbò rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi wà níbẹ̀ yẹn, mò ń wò ó," ó ń sọ fún wọn.

"Madam, òdo ni wọ́n fún ẹ. Oya, go house."

"Òdo kẹ̀? Ta ló fún mi ní òdo?" Ó fa ìwé náà mọ́ra láti wò ó.

Ó wò ó. Mo rí i tó ń fi ìka tọ ìrù òdo náà. Ó gbójú sókè, ó wá ojú àwọn èèyàn kiri títí tí ojú wa fi ṣe mẹ́rin. Bó ṣe ń wò mí lọ́wọ́ ni ọ̀kan nínú wọn fi igi gbá a lọ́rùn ọwọ́. Káàdì náà bọ́, ọmọkùnrin náà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹlòmíràn nínú wọn wo fọ́tò mi nínú ìwé, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ máa bọ̀, ẹ wá síwájú." Wọ́n yà fún mi. Mo sì kọjá, mo wọlé, mo dìbò.

Nígbà tí mo padà délé, ó ti fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé omi gbígbóná àti róòbù lọ fún un. Ó gbà á, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ ṣé, Mummy," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá bú mi, ì bá tiẹ̀ gbá mi létí. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin gbé ìrẹsì wá fún mi. Ojú tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo jẹ nínú rẹ̀.

Wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri. Ibùdó wa ti di búlúù. Lórí rédíò, ọ̀gbẹ́ni kan tó gbédè dáadáa ń ṣàlàyé pé àwọn ará àdúgbò wa ti ronú, wọ́n ti yí ọkàn wọn padà. Mo pa rédíò náà, mo sì já máàpù mi lulẹ̀.

Oṣù yẹn ò tíì parí tó fi kó lọ sí ọ̀nà Ìjanikin. Ẹrù rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tó wá dá kọ́kọ́rọ́ mi padà. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣì wú.

"Mummy, ẹ rántí ọjọ́ òjò yẹn? Ti káàdì èsì?"

"Mo rántí."

"Mo wá o. Lọ́jọ́ ìdìbò. Aago méje ò tíì lù tí mo ti dúró síbẹ̀. Kí ẹ sáà mọ̀ pé mo wá."

Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kún mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde ni, "Mo mọ̀." Ó dúró díẹ̀ bóyá màá fi nǹkan kún un, ó wá lọ bá ọkọ̀. Di òní olónìí, mi ò mọ ẹni tó fẹ́ dìbò fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin yẹn tún dé. Ìdìbò ààrẹ mìíràn ti ń kanlẹ̀kùn. Ó ní iṣẹ́ náà kò ní ni mí lára púpọ̀, èyí tí mo ṣe níjọ́sí ṣì dára, àwọn orúkọ tuntun nìkan ló kù. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì mi, ìwé kan náà, ẹrẹ̀ ti gbẹ sí igun rẹ̀. Mo wá orúkọ ọ̀rẹ́ mi kàn. Mo mú bírò, mo fa ilà lé òdo náà lórí, mo sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ má dà á láàmú, ẹni yẹn ti kó lọ."

Mo ní, "Ó wá lọ́jọ́ yẹn."

Mo wá orúkọ obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn kàn, àmọ́ ó ti fa ìwé náà yọ lábẹ́ ọwọ́ mi kí bírò mi tó kàn án.