Kẹ́hìndé Tí Kò Tíì Lójú

Tinúkẹ́ ọmọ Èrúwà, ọmọbìnrin tó ń fi ọ̀dà ya àwòrán sára ògiri, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ bí èmi, nítorí iwájú ilé mi ní Igbó-Ọrà ló ti ṣẹlẹ̀, ojú mi kòró báyìí ló ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níwèé, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní ọ̀dà kíkùn, síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ akérò láti ibí dé Abẹ́òkúta láyé ọjọ́sí tí n kò kọ nǹkan sí lẹ́yìn. Kìnnìún kan tí mo yà sára bọ́ọ̀sì, gbogbo ajá àdúgbò ni kò sùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Nítorí náà, bí mo bá ní ọmọ yìí mọ iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Bámiṣẹ́ ló pè é wá. Ó ní ilé ìgbẹ̀bí kan tó dojú kọ ilé mi, ó sì fẹ́ kí àwòrán ìyá kan tó gbé ìbejì lé itan wà lára ògiri lókè àbáwọlé. Ògiri àkọ́kọ́ tí Tinúkẹ́ máa dá yà nìyẹn. Ó sọ fún mi pé bí èyí bá bàjẹ́, abẹ́ ọ̀gá lòun ń padà sí.

Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ni pé kí ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà gbogbo àwòrán ná, kí ó wá mú ẹnì kan, kí ó parí rẹ̀ pátápátá kó tó kan ẹlòmíràn. Táyé ló kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yin ará, Táyé yẹn kù díẹ̀ kó ké. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, eṣinṣin bà lé e létè, ó ń wá wàrà. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, Tinúkẹ́ kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ. Kẹ́hìndé wà lórí itan kejì, ilà ṣọ́ọ̀kì lásán, kò lójú, kò lẹ́nu.

Ní òwúrọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé Hàlímọ̀ dé pẹ̀lú Rùkáyyàh, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ìbejì ló wà nínú Rùkáyyàh, ìrọbí sì ti mú un. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn kó tó rí ògiri. Ó wo Táyé, ó wo ilà ṣọ́ọ̀kì náà, ó yí padà, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ò gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, pé wọ́n ti bí Táyé fún òun lára ògiri, wọ́n sì ti sọ Kẹ́hìndé òun di òjìji.

Bẹ́ẹ̀ ni Tinúkẹ́ ṣe dé bá wa. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ dára o, kó má mikàn. Hàlímọ̀ kọjú sí mi.

"Bàbá Làtíífàt, ọkọ̀ lẹ mọ̀ ọ́n kùn. Ẹ ò bí ìbejì rí."

Hàlímọ̀ alára ti bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Tinúkẹ́ ò sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Màmá sọ ibi tí òun ti ṣì í.

"O fún Táyé lóúnjẹ yó, o ní kí Kẹ́hìndé lọ fi ebi sùn," ni Hàlímọ̀ wí. "Ohun tí o bá fún ọ̀kan, lójú ẹsẹ̀ náà ni wàá fún èkejì. Fìlà ni, ojú ni, ẹ̀rín ni."

Ọmọbìnrin náà sáré mú ọ̀dà funfun, ó fẹ́ fi pa Táyé rẹ́, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Hàlímọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èyí tó ti dé lo fẹ́ lé padà? Mú èkejì wá bá a."

Tinúkẹ́ gun àkàbà. N kò rí ẹni tó ya àwòrán báyẹn rí. Búrọ́ọ̀ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹṣin. Kò bẹ̀rẹ̀ láti fìlà wá sílẹ̀ bó ṣe ṣe fún Táyé, ojú ló kọ́kọ́ wá. Rùkáyyàh ń fi eyín di ìrora mọ́ra, ó tẹjú mọ́ ògiri. Bí ẹyinjú kejì ṣe yọ, tí Kẹ́hìndé wò wá, Rùkáyyàh ní kí a gbé òun dìde. Ó gba abẹ́ àwòrán kọjá, ó wọlé.

Tinúkẹ́ ò sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ògiri, etí rẹ̀ wà nínú ilé. Nígbà tó pẹ́, ọmọ kan ké. Tinúkẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró sínú afẹ́fẹ́. Èmi náà dá èémí dúró, àwọn ewúrẹ́ panu mọ́, ọkọ̀ tó ń lọ Ìdèrè pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní ó pa á. Àfi ìgbà tí èkejì ké, tí ohùn tirẹ̀ tún lọ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tinúkẹ́ jókòó sórí àkàbà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀dà wà nímú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kì í parí ẹnì kan kí ó fi ẹnì kejì sílẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ àgbẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ló ń yà. Kí ó sì tó kúrò nídìí iṣẹ́ lójoojúmọ́, á pe ẹni tó bá ń kọjá pé kí ó wá wò ó, kí ó sọ èyí tí kò dára.

Lọ́jọ́ tí Rùkáyyàh ń lọ sílé, ó dúró síwájú ògiri, ọmọ kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó wò ó, ó tún wò ó. Ó ní ó dára, àmọ́ etí Kẹ́hìndé kéré sí ti Táyé. Òótọ́ ni, èmi ti rí i tipẹ́.

Tinúkẹ́ ti ń fa àkàbà bọ̀. "Ẹ má tíì lọ, Ìyá Ìbejì," ló wí. "Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, kí ẹ máa sọ fún mi bó bá tó."