Ibi Tí Òkun Ti Dákẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Bódìjà, omi tí a mọ̀ kò ju àgbàrá tó ń ya wọ ojúlé nígbà òjò lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ẹ̀kọ́ ilé: omi tó bá ń pariwo, sá fún un, èyí tó bá ń rọra lọ, gba ibẹ̀ kọjá. Ọgbọ́n ará Ìbàdàn nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde kan, Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, àbúrò bàbá mi, di ọgbọ́n náà mọ́ ìrẹsì inú kúlà àti àwa ọmọ pẹ̀lú màmá wa, a wọkọ̀ ní Challenge, ó di etí òkun l'Ékòó.

Bọ̀ọ̀dá ò rí omi tó ju inú báàfù lọ rí, àmọ́ kò sí ohun tí wọn ò mọ̀. Ìgbì ń fọ́ lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ lápá òsì, àmọ́ omi àárín dákẹ́, ó sì dúdú díẹ̀.

"Ibí yìí ni kí ẹ wọ̀," ni wọ́n wí.

Ẹ̀gbọ́n mi Bísí, tó ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níléèwé, ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kíá, omi ń gbé e lọ. Bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí i. Màmá wa káwọ́ lérí, wọ́n ń ké. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Bọ̀ọ̀dá dúró lórí iyanrìn, wọ́n ń pàṣẹ: "Kọjú sí wa! Fẹsẹ̀ ta omi!"

Nígbà tó rẹ Bísí, ó dùbúlẹ̀ sójú omi. Omi náà gbé e kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó tú u sílẹ̀, ìgbì aláriwo sì gbé e padà sórí iyanrìn, lọ́ọ̀ọ́kán. Màmá gbá a mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Bọ̀ọ̀dá fa bẹ́líìtì yọ, wọ́n nà án: àwọn ní kó kọjú sí wa, ó lọ dùbúlẹ̀! Kí a tó padà dé Challenge, wọ́n ti di ẹni tó fi àdúrà gba ọmọ lọ́wọ́ màmíwọ́tà.

Màmíwọ́tà wo? Omi tí ìgbì ń kó wá sétí òkun gbọ́dọ̀ padà sílé. Ibi tí ilẹ̀ abẹ́ omi ti jìn ló ń gbà, eré ló sì ń sá. Torí ibẹ̀ jìn ni ìgbì kì í fi í fọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá kó sí i, kó má bá a jà. Ẹ̀gbẹ́ ni kó lúwẹ̀ẹ́ gbà títí yóò fi bọ́. Lóde òní, inú fóònù lọmọ kékeré ti ń wo èyí.

Nígbà tiwa, àgbà á sọ̀rọ̀, ọmọdé á wọ omi. Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, a tún kó àwọn ọmọ lọ. Bọ̀ọ̀dá, orí wọn ti funfun, tún na ọ̀pá sí ibi tó dákẹ́. Ọmọbìnrin Bísí ti ń bọ́ bàtà. Bísí di ọmọ rẹ̀ lápá mú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ká wò ó."

Lójú ẹsẹ̀ ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n.