Apẹ̀rẹ̀ Ẹ̀gẹ́ Lórí Alàájì Akóredé

Ọ̀sán gangan ni Alàájì Akóredé, tó ti di olóògbé báyìí, tó ń ṣe gàrí tà l'Ádígbẹ, wọ agbádá funfun, ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́, ó sì yí ọjà Ṣàpọ́n po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wò ó. Mo tilẹ̀ dín in kù. N kò ka ewúrẹ́ mọ́ wọn.

"Alàájì, ta ló dì í rù yín?"

"Àgírímẹ́ǹtì ni!"

Àdéhùn òun àti Ògúnjọbí, àgbẹ̀ Alábàtà, ni. Bí Ògúnjọbí bá ti fa ẹ̀gẹ́ tu, ọkọ̀ Alàájì gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, nítorí tó bá di ọjọ́ kẹta, inú ẹ̀gẹ́ á ti dúdú. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ yóò ru apẹ̀rẹ̀ kan yí Ṣàpọ́n po lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ Alàájì bàjẹ́ lọ́nà, ọjọ́ kẹrin ló dé. Alàájì sanwó gbogbo ẹ̀gẹ́ náà, títí kan èyí tó ti jẹrà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wá.

Ògúnjọbí ń sáré tẹ̀lé e. "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Mo ti dárí jì yín!"

"Ìwọ ti dárí jì mí, ìwé àdéhùn ò tí ì dárí jì mí."

Ìyàwó Alàájì, Bùsírátù, fi gèlè bojú. "Ojú ń tì mí o, Alàájì."

"Ṣebí ìwọ lo fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Ó yá, máa bọ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni Alàájì rí. Kó tó jókòó síwájú Jẹ̀lílì onígbàjámọ̀, àfi kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: bí abẹ bá ha Alàájì lórí, Jẹ̀lílì náà yóò fá tirẹ̀. Abẹ ha á lóòótọ́: Jẹ̀lílì, tó fẹ́ràn irun orí rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, fá a, ó sì dé fìlà fún oṣù mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí apẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ a máa ṣèlérí lórí fóònù, wọn a sì dàwátì bí wọ́n bá rí èyí tó dínwó níbòmíràn. Àwọn àgbẹ̀ kì í gbìn ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ Ṣàpọ́n, Ògúnjọbí tó ń gbin éékà kan gbin márùn-ún, aládùúgbò rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ kan tí Alàájì fi ń lọ ẹ̀gẹ́ di mẹ́rin. Gàrí rẹ̀ dé ibi tí èmi pàápàá kò dé, bẹ́ẹ̀ kò síbi tí n kò dé.

Ọ̀sẹ̀ tí Alàájì kú, Ọjọ́rú ni ìwé tuntun ní kí Ògúnjọbí fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀gẹ́ dé. Òjò ba ọ̀nà jẹ́, Ọjọ́bọ̀ ló dé. Wọ́n ti sin Alàájì ní Ọjọ́rú náà.

Àlímátù, ọmọ Alàájì tó gba iṣẹ́ náà, ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹni tí ẹ bá ṣàdéhùn ti lọ."

Ògúnjọbí ká aṣọ bí òṣùká. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ karí, ó kọrí sí Ṣàpọ́n. Ní ìyípo kìíní, a rẹ́rìn-ín. Ní ìkejì, Jẹ̀lílì ṣí fìlà fún un. Ní ìkẹta, Àlímátù ń bá a di etí apẹ̀rẹ̀ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ògúnjọbí sọ ẹrù kalẹ̀, ó nu òógùn, ó yọ ìwé kan jáde lápò.

"Ó yá, ọmọ mi. Fọwọ́ sí tọdún tó ń bọ̀."