Oòrùn Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Lórí Òkè Ruostu

Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún króónà ni Risten jẹ Issát, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ló yá a, nígbà tí Issát ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lára àwọn àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín tó ń sìn, tó sì tà wọ́n. Owó náà ni Risten fi ra ojú tuntun fún kámẹ́rà rẹ̀, nítorí òtútù ti la ti àtijọ́. Ó ṣèlérí pé kí oṣù Kìn-ín-ní tó parí, òun á ti dá a padà. Ta ló mọ̀ pé òjò á rọ̀ sórí yìnyín lóṣù Kejìlá, tí ilẹ̀ á dì bíi gíláàsì, tí ẹran ò ní lè fi pátákò wú oúnjẹ jáde mọ́? Oúnjẹ inú àpò ló kù tí Issát lè fún wọn, wọn kì í sì í fi í ta èèyàn lọ́rẹ.

Issát kò béèrè owó náà lẹ́ẹ̀kan rí. Ìyẹn gan-an ló ń ká Risten lára.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Risten fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ló gbé kámẹ́rà, ó kọrí sí òkè Ruostu. Àwọn ará abúlé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Risten, òkè yẹn ò lọ síbì kan o, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun!" Risten mọ̀ pé lítà epo mẹ́sàn-án ni ọ̀kadà orí yìnyín ń mu ní àlọ àti àbọ̀ Ruostu. Ó mọ̀ pé bátìrì tí òtútù bá mú kì í lò tó ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà mẹ́rin ló máa ń kó sí àyà, lábẹ́ ẹ̀wù.

Torgeir, tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ní ìlú etí òkun, pè é lórí fóònù. Oṣù méjì ni oòrùn kì í fi yọ lọ́dọ̀ wọn. Fọ́tò oòrùn àkọ́yọ lórí Ruostu ni Torgeir ń wá, ọjọ́ Ẹtì sì ni gbèdéke.

"Iye tiyín ńkọ́, màmá?"

Risten sọ iye gbèsè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Torgeir kérora. "Ó dáa, tó bá rẹwà tó bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, kùrukùru. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kùrukùru. Ní Ọjọ́rú, oòrùn yọ, ó pọ́n bí ẹyín iná. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni agbo ẹran Issát jáde látinú igbó, wọ́n tò gba orí adágún tó ti dì, kálukú pẹ̀lú òjìji gígùn rẹ̀. Risten kò ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó délé tó mú fọ́tò náà tóbi lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó rí àṣìṣe rẹ̀. Àwọn ẹran náà hàn lórí funfun bí ẹ̀wà nínú àwo, ọ̀kan ò bo ìkejì. Ọmọ ọdún méje á kà wọ́n tán. Lọ́dọ̀ wọn, èèyàn kì í béèrè iye àgbọ̀nrín ẹnìkan, bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ bọ àpò ẹni náà ni. Òun wá fẹ́ fi àpò Issát kọ́ sára ògiri gbogbo ilé ìdáná fún odindi ọdún kan.

Ó gbé kámẹ́rà lọ bá Issát. Ó wo fọ́tò náà títí. Ó bu kọfí, ó ju ègé wàrà gbígbẹ sínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mu ún níbẹ̀.

"Ó rẹwà, ẹ̀gbọ́n." Ó mu díẹ̀. "Wọ́n ní atẹ́gùn á jà lọ́la."

"Fọ́tò ni mo ní kó o wò, mi ò bi ọ́ nípa atẹ́gùn."

"Ẹ tà á. Ọjọ́ Ajé ni oúnjẹ ẹran ń bọ̀, wọn ò sì ní tà á ní àwìn fún mi." Ojú fèrèsé ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ṣé látọkàn rẹ lo ti sọ ọ́?"

Issát ń ro kọfí tí kò ní ṣúgà.

Risten gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fọ́tò náà rẹ́ níṣojú rẹ̀. Issát fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí o? Owó lẹ pa rẹ́ yẹn!"

"Oòrùn á tún yọ lọ́la."

"Tí ò bá yọ ńkọ́?"

"Ìyẹn kàn mí. Ìwọ ṣáà kó ẹran rẹ kúrò níwájú mi."

Ní Ọjọ́bọ̀, atẹ́gùn tí Issát sọ kò jà, àmọ́ òtútù náà ń gé ẹran ara. Láti aago mẹ́wàá ni Risten ti dúró. Bátìrì méjì kú. Kùrukùru jókòó sórí òkè bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ojú ọ̀run là, oòrùn yọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló máa lò kó tó wọ̀ padà. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, bátìrì kẹta kú. Ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ kò lè ṣí ìdérí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ jù sílẹ̀. Awọ ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin. Ó já a, ó ti bátìrì tó kù bọ̀ ọ́, ó ń yà á lọ. Lórí adágún, ipasẹ̀ àná nìkan ló wà, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn débi pé ó lè jẹ́ ti ẹran mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún.

"Ó dáa o," ni Torgeir wí, "àmọ́ kò sí ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Risten fà á títí dé mẹ́rìndínlógún.

Ní ọjọ́ Ajé, ó bá Issát lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń já àpò oúnjẹ, ó kó owó lé e lọ́wọ́. "Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́fà."

"Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò tọrọ. Kọ mẹ́fà sílẹ̀. Oòrùn ti ń pẹ́ sí i, mò ń padà lọ sórí òkè lọ́la."

Issát rẹ́rìn-ín, ó kó owó sápò láì kà á. Ó wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́, ṣé ẹ kà wọ́n?"

Risten wo ìka tó fi aṣọ dì. "Òkè ni mo kà," ó ní. "Ọ̀kan ni."