Màmá Ọṣẹ Kọ Ohun Tí Etí Rẹ̀ Gbọ́

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí!

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá Ọṣẹ ti lò nídìí àwọn ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ. Bí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ ṣàìsàn, etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe olórí lé e lórí. Ìdí ni pé lójoojúmọ́, ní aago méjì ọ̀sán, olórí gbọ́dọ̀ kọ bí iṣẹ́ ṣe lọ sínú ìwé ńlá kan fún àwọn tó ń wọlé fún iṣẹ́ ọ̀sán. Màmá Ọṣẹ ò sì mọ̀wé. Bí ìwé náà bá ti sún mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì.

"Awò ojú mi dà o? Mo mà tún gbàgbé ẹ̀ sílé!"

"Màmá, awò yín yìí mà kórìíra iṣẹ́ o," akọ̀wé tó máa ń bá a kọ ohun tó bá sọ á fi ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí ipò olórí tún ṣófo, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní tiẹ̀ ni, bó bá lè kọ ìwé náà fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Wọ́n mú tíṣà kan wá, tó ń kọ́ òun àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ní yàrá ìjẹun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwé aláwòrán ọmọdé ló gbé jáde, ó tọ́ka sí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ fún Màmá.

"Bọ́ọ̀lù? Tíṣà, ní ọjọ́ orí mi yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ máa gbá a ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà pa ìwé náà dé. "Kí lẹ wá fẹ́ kà, mà?"

Ẹnì kan ò bi í bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó nawọ́ sí ilé ẹ̀rọ. "Ìwé ńlá yẹn."

"Ó dáa. Báwo lẹ̀rọ yín ṣe ṣe láàárọ̀ yìí?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni tíṣà ń kọ ọ́ sára páálí, kò yí nǹkan kan padà: *Ẹ̀rọ kejì ń wúkọ́.* Ó wá fi ìka Màmá sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Màmá kà á, ó tún un kà.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu mi rèé!"

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kọkànlá, akọ̀wé nawọ́ sí bírò bó ti máa ń ṣe. "Ẹ sọ ọ́ kí n kọ ọ́, Màmá, ọkọ̀ ń dúró dè wá."

"Kó máa lọ."

Ìlà kan péré gbà á ní ogún ìṣẹ́jú: *Ẹ̀rọ kẹta ń payín keke. Ẹ má tàn án.*

"Ẹ̀rọ ní eyín? Báyìí kọ́ là ń kọ ìwé ilé iṣẹ́ o!"

"Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ."

Àwọn tó wọlé lọ́sàn-án kà á, wọn ò tan ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, irin inú rẹ̀ ti là, ó kù díẹ̀ kó fò jáde lu ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá béèrè ẹni tó kọ ọ́.

Akọ̀wé họ orí. "Màmá ni, sà. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin lolórí, ẹ̀yin lẹ ó máa kọ ọ́ láti òní lọ, Màmá."

Màmá ò jó, kò sì pariwo. Ó jókòó, ó ń ṣí àwọn ojú ewé àtijọ́ inú ìwé ńlá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀, òun ló sọ ọ́, ẹlòmíràn ló fọwọ́ sí i. Ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìlà tirẹ̀.

Ẹ má kàn gba tèmi gbọ́ o. Bí wọ́n bá ń kọ́ àwọn àgbà níwèé níbi iṣẹ́ kan nítòsí yín, ẹ yà síbẹ̀ lákòókò ìsinmi ọ̀sán, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.