Iná Ni Vasantha Bẹ̀ Wá Fún, Ilẹ̀ Ni Ẹ Fún Un

Vasantha kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì, nínú ilé ìdáná bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ní Torino níbí, ní Ítálì. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló fi wà ní mọ́ṣúárì. Nígbà tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, èmi àti Munirah ọmọ ọmọ mi nìkan la dúró tì í. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwòrán rẹ̀ wà ní ibùdó tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, ó ga jù mí lọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ń pe èèyàn wá sí ọdún àṣà.

Èmi kò kàwé. Munirah ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní kó má tún un ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò San Salvario la ti mọra. Ará India ni, ilá ló wá rà. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kọ́ àwọn ọmọ ní ijó ilẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Bharatanatyam. Munirah wà lára wọn, mo sì tẹ̀lé e lọ wò ó. Vasantha so ṣaworo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ gìdìgìdì, ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí ògiri.

"Irú ijó wo rèé, tí ìdí ò mì?"

"Mamma, ojú ló ń jó. Ẹ wo ojú mi."

Mo wò ó. Ó di ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Èmi tí mo sin ọmọ méjì láìsunkún lójú èèyàn, mo yíjú sí ògiri.

Kó tó jó, á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ní òun ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀ torí òun fẹ́ fẹsẹ̀ lù ú. Ẹ̀yin tí ẹ fi ilẹ̀ bò ó, ta lẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó sọ fún mi pé inú tẹ́ńpìlì ni ìyá ìyá òun ti ń jó. Láyé ìjọba òyìnbó, wọ́n ní aṣẹ́wó ni wọ́n, wọ́n lé wọn jáde. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́lá gbé ijó yẹn kan náà lọ sórí pèpéle. Wọ́n gba ijó, wọ́n ti oníjó síta. Mo ní, "Ọmọ mi, India nìyẹn. Kò lè ṣẹlẹ̀ níbí." Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ kan ló sọ ọ́. "Mamma, tí mo bá kú, kí wọ́n sun mí o. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé."

"Ṣé ọ̀run àpáàdì lo fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ wò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ilá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, ẹ̀rù iná ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí.

Nígbà tó kú, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìsìnkú. "Ṣé ìbátan yín ni, signora?" Rárá. "Ìwé ńkọ́?" Ẹnu ló fi sọ fún mi. "Ẹnu ò tó. Ìwé, tàbí ìbátan."

Mo wá lọ bá Matteo, olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọdún àṣà. Ọdún mọ́kànlá ni Vasantha fi jó fún wọn, ní Torino, ní Padova, ní Verona, nínú ọkọ̀ ojú irin tòun ti ṣaworo nínú báàgì. Matteo ní, "Stia tranquilla, signora, ẹ fọkàn balẹ̀, màá wá ẹbí rẹ̀."

Kò wá wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Munirah ní kí Matteo ṣí fáìlì Vasantha. "Nonna, eccolo qui, òun rèé." Orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti nọ́ńbà rẹ̀ ní Chennai wà lójú ìwé àkọ́kọ́, Vasantha fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Matteo ní ọdún àṣà ló gba àwọn lọ́kàn.

Àṣà ta ni?

A ti pe àbúrò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n hú ẹ̀gbọ́n òun, kí wọ́n sun ún. Matteo, ìwọ ni kó o gba ìwé lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, kó o gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kó o dúró níbẹ̀ títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i. Kó o gun orí pèpéle yín, kó o sọ fún àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ohun tó o ṣe. Títí dìgbà náà, ẹ ká àwòrán rẹ̀ kúrò ní ibùdó tram.

Wọ́n ní ẹnu mi ò tó. Ó dáa. Iná ni Vasantha ní òun fẹ́, èmi ló sọ ọ́ fún. Munirah, kọ ọ́, kó o fi orúkọ mi sí i: Ùmmùkùlsùmù Adéògún.

Ó ti di ìwé.