Ẹni Tí Yóò Máa Jẹ́ Orúkọ Tíṣà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọkọ mi fi ń múra àtilọ sí kóòtù ní Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò lè jókòó jẹun tán. Màá bu oúnjẹ, màá dìde lọ ti fèrèsé, màá tún padà lọ ṣí i.

Orúkọ ìdílé wa ló fẹ́ yí padà. Orúkọ náà kì í ṣe ti bàbá tó bí i. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré nígbà tí tíṣà kan mú un lọ sí Ibẹ̀fun kó lè kàwé. Lọ́jọ́ tó mú un wọ iléèwé, tíṣà náà fi orúkọ ara rẹ̀ kún tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bínú. Orúkọ yẹn la fi ṣègbéyàwó, òun náà la fún àwọn ọmọ wa.

Nígbà tí bàbá tó bí i kú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹbí. Àbúrò rẹ̀ kan ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa là ń sọ, ẹ ò sì jẹ́ orúkọ bàbá wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Tíṣà ti kú nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Ibẹ̀fun. Kò bímọ, ọkọ mi nìkan ló tọ́. Ọkọ mi ní òun ò lè wo ojú rẹ̀, kí n lọ bá òun sọ ọ́.

Mo bá a níbi tó ti ń rin ewùrà. Mo sọ ọ́. Kò dáwọ́ dúró.

"Gbogbo yín ni?"

"Gbogbo wa ni, Màmá."

"Ẹ fi ọmọ kan sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan péré. Tí mo bá kú, ta ni wọ́n á sọ pé ó sin ìyàwó tíṣà? Ará àdúgbò?"

"Bóyá àbígbẹ̀yìn wa, Màmá."

"Obìnrin! Ìyẹn á délé ọkọ, á sọ ọ́ nù. Ọkùnrin ni mo ń wí."

Ọkọ mi kọ̀. "Ọmọ ìyá kan náà, orúkọ méjì? Kí wọ́n máa ṣàlàyé ara wọn kiri bíi tèmi?" Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ní kóòtù, akọ̀wé ka orúkọ ọkọ mi àti ti àwọn ọmọ. Ó ní, "Ìyàwó ńkọ́? Ṣé kí n kọ ọ́ mọ́ wọn?"

Mo ní, "Ẹ má kọ ọ́. Èyí tí mo ń jẹ́ ni màá máa jẹ́ lọ."

"Màdáàmù, ṣé ẹ ti kọ ọkọ yín ni?"

"Rárá o. Òun rèé."

"Àbí ẹ ní òmíràn níta?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi yíjú sí mi. "O ò sọ fún mi."

"Èmi náà ò mọ̀, àfìgbà tí wọ́n bi mí."

Ó mú bírò, ó buwọ́ lùwé ìbúra ìyípadà orúkọ náà. Bí a ṣe jáde, ó ní ká wọ mọ́tò Ibẹ̀fun.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Màmá pé èmi ni màá máa jẹ́ orúkọ tíṣà. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ? Ìwọ tí wọ́n bí ní Ìmùṣin?"

"Èmi ni, Màmá."

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ló wí. "Má ṣáà kú ṣáájú mi."